Ta Ni Ológun Ilé Yín?

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, abọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ti kún gbogbo pálọ̀ Engracia Taimanglo. Ibi tí páànù ti lu, omi ń kán síbẹ̀. Ibi tí kò tíì lu, ẹ̀rù ń ba obìnrin náà pé kò ní pẹ́ lu. Ilé onípákó ni, ó kọjú sí òkun ní abúlé Malesso, ní gúúsù erékùṣù Guam. Láti ìgbà tí ìjì líle ti ká òrùlé rẹ̀ lọ, tapólì aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi bo apá kan, wọ́n sì kan páànù àlòkù mọ́ apá kejì.

Bàbá rẹ̀, Tun Gregorio, dùbúlẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì tí wọ́n fi dá igun pálọ̀ sí méjì. Bàbá náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún. "Tun" ni gbogbo abúlé fi ń pe àwọn ọkùnrin tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká sún bẹ́ẹ̀dì yín sí ìhà ibí. Omi ti fẹ́ máa kán sí yín lẹ́sẹ̀."

"Jẹ́ ó kán. Ẹsẹ̀ mi ti mọ omi tipẹ́."

"Ẹ̀yin náà! Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tí dókítà sọ? Ó ní àyà yín ò gbọdọ̀ gba òtútù mọ́."

"Dókítà ò kọ́ ilé yìí. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Engracia mí kanlẹ̀, ó sún bẹ́ẹ̀dì náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tí dókítà sọ gan-an le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní bí ilé yẹn bá ṣì ń rin gbingbin títí ìgbà ìjì fi dé, kí wọ́n gbé bàbá lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ìhà àríwá. Tun Gregorio fèsì pé òkú òun nìkan ni wọ́n máa gbé kúrò ní Malesso. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Nítorí náà, òrùlé sìmẹ́ńtì ni Engracia ń wá, ó sì fẹ́ tètè rí i. Fífọ aṣọ ní ilé ìtura kan ní Tumon ni iṣẹ́ rẹ̀, owó oṣù rẹ̀ kò sì lè kọ́ òrùlé. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ayánilówó tó wà létí títì. Wọ́n ní kí ó fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ dúró. Nígbà tí ó sì gbọ́ èlé tí wọ́n ń gbà, ó dìde, kò tilẹ̀ dágbére.

Ibi tí gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ ni ọkàn rẹ̀ wà, ìyẹn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ológun, tí ọ́fíìsì rẹ̀ kò jìnnà sí bárékè. Èlé wọn kì í pọ̀, wọn kì í sì í le mọ́ ènìyàn. Ẹni tó ní ọmọ tó jẹ́ ológun ń yáwó níbẹ̀. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ológun náà ń yá. Ní erékùṣù wa yìí, bí ènìyàn bá sọ òkò sínú àwùjọ, orí ológun ni yóò bà. Engracia nìkan ni kò ní. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ kúùkù ní Las Vegas, tíṣà sì ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà lẹ́nu iṣẹ́, ńṣe ló máa ń tẹrí mọ́ aṣọ tó ń ká.

Ọ̀nà ló ń wá kiri tó fi bá Sájẹ́ǹtì Brent pàdé lórí Fesibúùkù. Ọkùnrin náà wọ aṣọ ológun nínú fọ́tò, eyín rẹ̀ funfun báláú. Ó ní òun lè mú ẹnikẹ́ni wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà, torí pé ọmọ ẹgbẹ́ lòun. Ó ti gba fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ Engracia, ó sì ti gba nọ́ńbà tí ìjọba fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ òjò yẹn ló pè.

Ọwọ́ Engracia wà nínú ẹja tó ń fọ̀, ló bá tẹ fóònù kí ohùn máa jáde síta.

"Àǹtí mi, ẹ kú òjò o!"

"O ṣé, ọmọ mi. Ibo la bá a dé?"

"Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Màá kọ yín sílẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni yín."

"Ṣé kò léwu báyìí? Ẹ̀gbọ́n ìyá tí mi ò mọ̀ rí?"

"Ewu kẹ̀? Àǹtí, ṣé Guam kọ́ nìyẹn? Ta ni kì í ṣe àǹtí níbẹ̀? Ẹni tó ń ta ẹja, àǹtí. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, àǹtí. Ẹni tí ẹ ò rí rí láyé, àǹtí! Ta ló fẹ́ bi yín pé irú àǹtí wo lẹ jẹ́?"

Engracia rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é níbí, ọmọ tí a bá tọ́ sí adúgbò, ọmọ gbogbo wa ni.

"Ọ̀rọ̀ kan ló kù," ni Brent wí. "Ṣé ó dá yín lójú pé kò sí ológun kankan nínú ìdílé yín? Mi ò fẹ́ kí orúkọ méjì lọ forí gbárí lórí kọ̀ǹpútà wọn."

"Kò sí."

"Bàbá yín ńkọ́?"

"Bàbá mi kẹ̀? Bàbá mi kì í ṣe ológun. Àwo ló ń fọ̀ fún àwọn ọ̀gá òyìnbó nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà kan. Ṣé ìyẹn la fẹ́ pè ní ológun? Kò sí ẹnì kankan nílé wa."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ́la, ẹgbẹ́ máa fi kóòdù kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ẹ ṣáà kà á fún mi kíá, ó parí."

Lẹ́yìn kọ́tìnì, bẹ́ẹ̀dì dún kẹ̀ẹ̀. Engracia kò fiyè sí i. Ó din ẹja, ó bu ìrẹsì pupa sí i, ó gbé e lọ bá bàbá rẹ̀. Tun Gregorio ti kọjú sí ògiri.

"Bàbá, oúnjẹ rèé."

"Ebi ò pa mí."

"Ẹja ni o, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú epo jáde."

"Mo ní ebi ò pa mí, Engracia."

Tun Gregorio kì í kọ oúnjẹ. Nígbà tí àyà ń dùn ún gan-an, ó ń jẹun. Engracia rò pé bóyá òtútù ti tún wọ̀ ọ́ lára, ẹ̀rù sì bà á. Ó fi aṣọ kejì bò ó, ó padà sídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Rufina Naputi dé. Òun ni ìyá ìsàmì ọmọ Engracia, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa pe ara wọn ní "komaire". Rufina ṣe iṣẹ́ sójà títí ó fi fẹ̀yìn tì, sájẹ́ǹtì ni. Ní báyìí, ó ń ran àwọn ológun àtijọ́ àti ìdílé wọn lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì kan ní Hagåtña, olú ìlú wa, kò sì gba kọ́bọ̀. Ohùn rẹ̀ ṣì tóbi bíi ti ẹni tó ń pàṣẹ nínú pápá.

"Komaire, ilé yìí ti di odò! Ìgbà wo lẹ ó ra ọkọ̀ tí ẹ ó máa fi wà á?"

"Ẹ wọlé, ẹ rọra, ilẹ̀ ń yọ̀."

Rufina gbé abọ́ adìyẹ tó fi àgbọn àti ọsàn wẹ́wẹ́ sè kalẹ̀. Ó kọjá sẹ́yìn kọ́tìnì, ó tẹríba, ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ Tun Gregorio sí imú, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kí àgbà. Ibẹ̀ ló ti rí àwo ẹja àná, pẹ̀lú gbẹ̀rẹ̀fútù sísè àárọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn.

"Tun Gregorio, kí ló dé? Ṣé ẹ ti ń yan ààwẹ̀ ni, àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ìyàwó, ẹ fẹ́ kí ikùn lọ sílẹ̀?"

Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín.

"Rufina, ìwọ sójà ni àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ilé tìẹ ní ológun. Ọmọ mi ní kò sí nílé tèmi."

Abọ́ omi òjò tó fẹ́ lọ dà nù já bọ́ lọ́wọ́ Engracia. Àṣé ó gbọ́! Rufina wo ọmọ, ó wo bàbá, ó fa àga, ó jókòó.

"Engracia, kí ló ṣẹlẹ̀? Má fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi."

Ó sọ ọ́, láti orí ṣọ́ọ̀bù ayánilówó títí dé orí Sájẹ́ǹtì Brent. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú Rufina ń le sí i.

"O fi káàdì rẹ ránṣẹ́ sí i? Pẹ̀lú nọ́ńbà ìjọba?"

"Ó ní wọn ò lè fi orúkọ mi sílẹ̀ láìsí i."

"Yéè! Engracia!"

"Ẹ má pariwo mọ́ mi, komaire!" Omijé ti dé ojú Engracia. "Ilé sìmẹ́ńtì lẹ̀yin ń gbé. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ ń sùn. Èmi ń jí, mò ń fetí sí èémí bàbá mi bóyá ó ṣì ń lọ. Ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ tó ń ṣe ológun ò sí, ọkọ ti kú, òun náà kì í sì í ṣe ológun. Ta ni kí n rọ̀ mọ́? Ẹni tó na ọwọ́ sí mi ni mo dì mú."

Ọ̀rọ̀ náà dun Rufina, torí pé òótọ́ ni. Kó tó dáhùn, fóònù Engracia dún pìì, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. Kóòdù ni. Kò pẹ́ kò jìnnà, Brent pè.

"Àǹtí, ó ti wọlé! Ẹ kà á fún mi kíákíá, kò ní pẹ́ kú o."

Engracia wo fóònù, ó wo òkè níbi tí omi ti ń kán. Ẹ má jẹ́ ká purọ́, ó wù ú kó kà á. Rufina na ọwọ́, ó gba fóònù náà jẹ́ẹ́.

"Ọmọ mi, o kú ọ̀sán o. Mọ̀lẹ́bí Engracia ni mí. Jọ̀ọ́, kí ni orúkọ ìyá rẹ?"

"Kí lẹ fẹ́ fi orúkọ ìyá mi ṣe?"

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ láti àná? Ó yẹ kó mọ orúkọ àbúrò rẹ̀."

Brent rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ọ̀fun.

"Ìyá, ẹ má da nǹkan rú. Ẹ fún Àǹtí ní fóònù. Bí kóòdù bá kú, owó òrùlé lọ nìyẹn."

"Ó ti lọ. Orúkọ ìyá rẹ ni mò ń dúró dè."

Ọkùnrin náà bú u, èébú burúkú tí a kò ní kọ síbí, ó sì pa fóònù. Kò pe "Àǹtí mi" mọ́ láti ọjọ́ náà.

Engracia jókòó sílẹ̀ gbẹ̀ẹ́ láàárín àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Kí ló fẹ́ fi kóòdù náà ṣe?"

"Gbọ́, kí n ṣàlàyé," ni Rufina wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Pẹ̀lú káàdì rẹ, nọ́ńbà rẹ àti kóòdù yẹn, ó lè ṣí àpò owó ní orúkọ rẹ. Ó lè san ṣẹ́ẹ̀kì ayédèrú sínú rẹ̀, kó kó owó jáde kí wọ́n tó mọ̀, tàbí kó yá owó ńlá. Òun á lọ. Ìwọ ni gbèsè yóò dúró tì. Ọ̀dọ̀ rẹ ni ọlọ́pàá yóò wá, torí orúkọ rẹ ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Ilẹ̀ tí o kọ̀ láti fi dúró fún ayánilówó yẹn, o lè pàdánù rẹ̀ láìyá kọ́bọ̀."

"Ẹ̀mí mi ò!"

"Ìkejì tún wà níbẹ̀. Irọ́ tó ní kí o pa, kò tilẹ̀ wúlò. Àwọn tí ẹgbẹ́ yẹn ń gbà nípasẹ̀ ológun ni òbí rẹ̀, ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀, ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá rẹ̀, òbí àgbà àti ọmọ ọmọ, àti ẹni tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan. Kò sí àǹtí níbẹ̀. Àwa ni gbogbo ayé jẹ́ àǹtí wa. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ ẹgbẹ́ náà dáadáa kò lè ní kí o wá ṣe àǹtí òun."

"Ọ̀nà ti dí nìyẹn," ni Engracia wí, ó bojú.

"Ọ̀nà wo ló dí? Ọmọ ogun ojú omi ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀ yẹn. Ọmọ rẹ̀ sì ni ọ́."

"Komaire, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Agbáwo ni bàbá mi."

"Agbáwo nínú ọkọ̀ ogun ta ni? Ṣé ilé ọtí ló ti gbáwo ni? Tun Gregorio, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ búra nígbà tí ẹ wọṣẹ́?"

Bàbá dìde jókòó, ó sì fa kọ́tìnì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Mo búra. Bí gbogbo wọn ṣe na ọwọ́ sókè ni mo ṣe nà á. Aṣọ kan náà la wọ̀. Nígbà tiwa, bí ọmọ Guam bá wọ iṣẹ́ ogun ojú omi, iṣẹ́ agbáwo ni wọ́n ń fún un. Gbé oúnjẹ fún ọ̀gá. Tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọ̀gá. Kun bàtà ọ̀gá. Ọmọdé tí mo ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ń pè mí ní bọ́ọ̀yì, mo ń dá a lóhùn."

Ó wúkọ́. Engracia fẹ́ gbé omi fún un, ó fọwọ́ dá a dúró.

"Ṣùgbọ́n bí agogo ìjà bá dún, mo ń sọ àwo sílẹ̀ ni. Èmi àti àwọn ọmọ ilé wa á sáré lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí wọ́n kó ọta sí. Àwa là ń gbé ọta sókè fún àwọn tó ń yìn ín. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn irin pa lé wa lórí. Bí ọkọ̀ bá gba ọta, kò sẹ́ni tó máa ṣí i fún wa. A mọ̀. A sì ń gbé e. Èyí tó kéré jù nínú wa, ọmọ abúlé Umatac nítòsí wa níbí ni, ó máa ń ké pe ìyá rẹ̀."

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa rí?"

"Ìyá yín mọ̀. Nígbà tí mo dé, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí ní ọmọ ọ̀dọ̀ òyìnbó. Ojú tì mí. Mo ní mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láyé. Mo rò pé mo ti gbàgbé gbogbo ẹ̀." Ó wo ọmọ rẹ̀. "Àná, nígbà tí o ní kò sí ẹnì kankan, ó dùn mí wọra. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mi ò tíì gbàgbé nǹkan kan."

Engracia kúnlẹ̀ sínú omi tó wà nílẹ̀, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó sunkún bí ọmọdé.

"Ẹ dárí jì mí, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́. Mi ò mọ̀. Mo yẹ kí n ti béèrè."

"Èmi náà yẹ kí n ti sọ. Dìde, ilẹ̀ tutù." Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní, "Rufina, kí lo gbé wá nínú abọ́ yẹn?"

Bí bàbá ti ń jẹun ni Rufina àti Engracia bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n pe báńkì tí owó oṣù Engracia ń wọlé sí, wọ́n yí nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ padà. Wọ́n pe àwọn iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó ń yáwó, wọ́n ní kí wọ́n ti orúkọ rẹ̀ pa, kí ẹnikẹ́ni má lè fi yá nǹkan kan. Wọ́n fi ẹjọ́ Brent sun ìjọba. Ojú ń ti Engracia bó ṣe ń sọ ọ́ fún wọn lórí fóònù, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá jẹ́ kó mọ̀ pé ẹnì kan ti gbìyànjú láti fi orúkọ rẹ̀ ra mọ́tò ní ìlú tí kò dé rí. Ilẹ̀kùn ti tì kí onítọ̀hún tó dé.

Ìwé tí wọ́n fi dá Tun Gregorio sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Ìjì ọdún tó ti pẹ́ ti gbé e lọ pẹ̀lú gbogbo àpótí ìyá Engracia. Rufina ní kò burú, ìjọba ní ẹ̀dà rẹ̀ nípamọ́, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń fún ológun tó bá béèrè. Wọ́n béèrè, wọ́n sì dúró.

Ìdúró yẹn ò dẹrùn. Ìjì kan dìde nínú òkun, rédíò ní Guam ló ń bọ̀. Engracia gbé bàbá rẹ̀ lọ sí ilé Rufina, bàbá ń jà lójú ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sẹ́wọ̀n. Ìjì náà yà sí àríwá, ó kọjá lọ. Ṣùgbọ́n omi tó rọ̀ nìkan tó láti jẹ́ kí àyà tún máa dun bàbá. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Engracia ò lè wo ojú òkun.

Nígbà tí ẹ̀dà ìwé náà dé, Tun Gregorio ní kí wọ́n fá irùngbọ̀n òun. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fi ń lọ sí ibi òkú. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú wọ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó kọ̀ kí wọ́n gbé àga onítáyà fún òun.

Ọmọbìnrin tó wà lórí káńtà, Charlene, ka ìwé náà, ó sì dìde dúró kó tó sọ̀rọ̀.

"Tun, ẹ ṣé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ̀yin la máa kọ́kọ́ fi orúkọ yín sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọmọ yín á tipasẹ̀ yín wọlé."

Wọ́n fi orúkọ bàbá sílẹ̀. Ó fọwọ́ sí i, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun di bíírò mú. Ó wá kan Engracia.

"Ìyá, ta ni ológun ilé yín?"

"Bàbá mi," ni Engracia wí.

"Kí lo wí?" ni Tun Gregorio béèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo ní bàbá mi ni."

"Mi ò gbọ́."

Engracia yíjú sí i. "Bàbá mi ni!" Ó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn wọn fi wò wọ́n. "Gregorio Taimanglo! Ọmọ ogun ojú omi ni!"

Etí Tun Gregorio kò di o. Ẹni tó gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ lẹ́yìn kọ́tìnì, ṣé òun ni kò ní gbọ́ èyí tó sọ létí rẹ̀? Bàbá náà mi orí pé ó dáa, ó na ọwọ́ fún ọmọ rẹ̀, wọ́n jọ dúró bẹ́ẹ̀ títí Charlene fi parí iṣẹ́.

Wíwọ ẹgbẹ́ kì í ṣe pé owó ti dé. Wọ́n yẹ owó oṣù Engracia wò, wọ́n yẹ gbèsè rẹ̀ wò, wọ́n sì yá a ní ìwọ̀n tí apá rẹ̀ lè ká. Kò tó òrùlé gbogbo ilé. Ó tó yàrá méjì. Inú ọ̀kan nínú méjèèjì ni bẹ́ẹ̀dì Tun Gregorio wà báyìí, ilẹ̀ ibẹ̀ sì gbẹ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a kò kàn sọ ìtàn yìí lásán. Ẹni tó bá ní òun máa fi yín ṣe ẹbí ológun, ẹ sá fún un, bó ti wù kó pè yín ní àǹtí tó. Ẹgbẹ́ gidi kì í fún ènìyàn ní ẹbí tí kò ní. Ẹ má fi káàdì yín tàbí nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ kò mọ̀. Kóòdù tó bá wọ orí fóònù yín, tiyín nìkan ni, ẹ má ṣe kà á fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ fúnra yín, tàbí kí ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ fúnra yín wá rí pè wọ́n. Kí ẹ béèrè irú ẹbí tí wọ́n ń gbà, torí ìlànà ẹgbẹ́ kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Bí ìwé ológun bá sọnù, ọ̀dọ̀ ìjọba ni kí ẹ ti béèrè ẹ̀dà, ẹ má sanwó fún ayédèrú. Bí wọ́n bá sì ti lù yín ní jìbìtì, ẹ tètè sọ, ìtìjú kì í dí ihò.

Iṣẹ́ ológun kì í ṣe ìbọn nìkan. Ẹni tó dáná, ẹni tó fọ aṣọ, ẹni tó gbáwo, bí wọ́n bá ti búra, ológun ni wọ́n. Wọ́n wà nínú ilé yín níbẹ̀ yẹn, wọn kì í sì í sábà sọ̀rọ̀. Kí ẹ tó sọ fún àjèjì pé kò sí ẹnì kankan, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè, nígbà tí wọ́n ṣì lè dá yín lóhùn.